Ayùn Ọwọ́ àti Igi Tí Omi Gbé Wá: Ìmọ̀ràn Mi fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ugbòńlá

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ugbòńlá, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ayétòrò, ní Àwóyè, ní Igbókọ̀dá, àti ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tí òbí yín kó lọ sí Mákókó àti Bàrígà l'Ékòó, ọ̀rọ̀ igi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Omi kò yé gbé igi wá bá wa. Òkun ń wó ilé, ó ń tú afárá pákó, ó ń fọ́ ọkọ̀, ó sì ń da àfọ́kù wọn sí èbúté. Ọ̀pọ̀ yín ń kó o dáná, lẹ́yìn náà ẹ óò wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Igbókọ̀dá lọ fi owó ra ìjókòó oníke tí kò ní pé ọdún kan kó tó ya. Ó ń dùn mí. Ayùn ọwọ́ kan ṣoṣo lè sọ igi yẹn di ohun èlò tí ọmọ yín yóò bá nílé. Iná ìjọba di àwátì lẹ́kùn wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Ayùn ọwọ́ kò bèèrè iná, kò bèèrè epo. Apá rẹ ló ń bèèrè, àti ojú rẹ, àti sùúrù.

1. Béèrè kí o tó mú.

Kì í ṣe gbogbo igi tó wà lẹ́bàá omi ni kò ní olóhun. Òpó tí apẹja rì mọ́ ẹrẹ̀, ibi tó ń so àwọ̀n mọ́ ni, bí ìgbì tilẹ̀ ti tì í tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtì igi tí wọ́n lu àmì sí ní ìdí, onígẹdú kan ló ni ín. Irú wọn ni wọ́n máa ń dì pọ̀ tí wọ́n ń wọ́ lórí omi lọ sí ibi ìlagi l'Ékòó, irú èyí tó wà ní Oko Baba ní Èbúté Mẹ́ta tẹ́lẹ̀, òmíràn sì máa ń já lójú ọ̀nà.

Èyí tó ká mi lára jù ni igi ilé tí òkun wó. Ẹ mọ ohun tí ojú Ayétòrò ti rí, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ní ibi ìkan-ọkọ̀ tiwọn àti iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ ṣì ń tan àtùpà. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó ló ṣì ni pákó ilé náà títí di ìgbà tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ilẹ̀kùn tó sùn sínú ẹrẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló kàn án. Lọ bá a. Kí i. Jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán kí o tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ igi. Bó bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ, fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe nǹkan kékeré padà fún un, àpótí ìjókòó, tàbí férémù tí yóò fi àwòrán àwọn ará ilé rẹ̀ sí. Gbèsè ni mo ka èyí sí, mi ò kà á sí oore.

Igi ẹ̀gbà tó ṣì wà láàyè, má fi ayùn kàn án. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di ẹrẹ̀ mú, òun ló ń gba agbára ìgbì, abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ń sá sí. Ẹni tó bá ń gé e ń bá òkun ṣiṣẹ́ lòdì sí ilé ara rẹ̀. Èyí tó ti kú, tó ti wó, ìyẹn ni tìrẹ.

2. Mọ igi tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Oòrùn àti iyọ̀ máa ń sọ gbogbo igi di aláwọ̀ eérú, nítorí náà ara kò lè sọ orúkọ igi fún ọ. Gé orí rẹ̀ díẹ̀ sọnù kí o wo inú. Bí inú bá pupa, tí kò sì le jù lábẹ́ ayùn, ó lè jẹ́ ọ̀gànwó. Ìrókò máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, yóò sì máa ṣú bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Arère funfun, ó fúyẹ́, ayùn ń jẹ ẹ́ kíá. Ó dára fún ohun tí yóò máa gbé inú ilé, ṣùgbọ́n bí omi bá ń kàn án lójoojúmọ́, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ìrókò ló lè bá omi gbé fún ìgbà pípẹ́.

Ohun kan wà tí ará òkè kò mọ̀, àwa ni ó ń bá jà. Ẹ̀dá kan ń gbé inú omi iyọ̀ tó jẹ́ pé inú igi ni ilé rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré ló ti ń dá ihò wọlé, ihò náà kì í ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Inú ibẹ̀ ló ti ń dàgbà, tí yóò máa lu pákó lọ jìnnà, tí yóò sì fi nǹkan funfun líle tẹ́ ara ihò rẹ̀. Nígbà náà ni o óò rí pákó ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì dán, tó jẹ́ pé kìkì ihò ló kù nínú. Fi òòlù kàn án jálẹ̀jálẹ̀. Ibi tó ṣì gbó yóò dún ketekete, ibi tó ti ṣófo yóò dún pòkòpòkò. Gé ibi tó ṣófo kúrò. Ìyókù lè tó fún ohun tí o fẹ́ ṣe, nítorí pé iṣẹ́ kékeré ni à ń sọ.

3. Igi mìíràn wà tí mo bẹ̀ ọ́ kí o jìnnà sí, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára ọkọ̀ àti fèrèsé lè ní òjé nínú, eruku òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Má fi ayùn gé e, má fi sánpépà ha á. Pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé nínú ọkọ̀ òkun máa ń gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa náà. Wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bí o bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: wọ́n mú kí àárín igi náà gbóná dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 30. Ìyẹn kò léwu. Bí o bá rí MB, gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i. Fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Igi tí epo rọ̀bì ti mu sì tún wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni kànga epo Ororo-1 tú lójú òkun níhà Àwóyè, tó sì gbiná, gbogbo wa la sì mọ bí epo ti máa ń léfòó dé ẹsẹ̀ ilé wa. Igi tó bá ń rùn bí epo, tí ìyẹ̀ rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, má fi gbẹ́ orógùn, má fi kan ohun tí oúnjẹ yóò wà nínú rẹ̀. Mo sì fi èyí kún un pẹ̀lú gbogbo agbára mi: má ṣe kó àjẹkù igi ọlọ́dà, igi MB tàbí igi elépo sábẹ́ ẹja. Ìyá rẹ ń yan ẹja tí ọmọ àwọn ẹlòmíràn yóò jẹ ní Òndó, ní Ìbàdàn, ní Èkó. Èéfín yóò gbé ohun tó wà nínú igi wọnú ẹja.

4. Wá ìṣó kí ìṣó tó wá ọ.

Igi ilé àti igi ọkọ̀ kún fún ìṣó, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti kán mọ́nú tí ojú kò lè rí i mọ́. Tú ẹ̀yìn rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, yọ mágnẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn sípíkà rẹ̀, so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, kí o wá máa rọra fà á kọjá lórí pákó. Ibi tó bá ti fì sí, irin wà níbẹ̀. Fi ẹfun tàbí èédú sàmì síbẹ̀. Èyí tó bá ní orí, fà á yọ. Èyí tí kò bá ṣeé fà, yẹra fún un, tàbí kí o fi hásìsọ́ọ̀ gé e. Ìṣó kan ṣoṣo lè ba eyín ayùn tí o fi ọ̀sán gbáko pọ́n jẹ́. Bí ìṣó onípẹtà bá gún ọ, fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ ipá lọ́jọ́ náà gan-an. Má dúró de ìgbà tí ẹnu yóò há.

5. Fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí o sì sá a.

Gbé igi síta kí òjò rọ̀ sí i dáadáa; iyọ̀ inú igi a máa fa ọ̀rinrin, a sì máa mú kí ayùn àti ìṣó dípẹtà. Lẹ́yìn òjò, tò ó sábẹ́ òrùlé, fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Má sá a sínú oòrùn ọ̀sán, yóò sán. Fi ọ̀dà tuntun tàbí àbẹ́là yíyọ́ dí orí rẹ̀ méjèèjì, nítorí orí ni omi ti ń tètè jáde, ibẹ̀ náà ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀.

6. Ayùn kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹni tó bá mọ èyí ti fi ìdajì làálàá sílẹ̀. Igi ní fọ́nrán, gígùn rẹ̀ ni fọ́nrán ọ̀hún ń bá lọ. Gígé ìbú yàtọ̀, líla gígùn yàtọ̀, ayùn méjì ló sì ni iṣẹ́ méjèèjì. Ayùn tí a fi ń gé ìbú ní eyín ṣóńṣó tí a pọ́n létí, ó ń dá fọ́nrán ní ọ̀tún àti òsì kó tó gbá a jáde. Ayùn tí a fi ń la gígùn ní eyín tí ẹnu rẹ̀ tẹ́, ó ń họ igi kúrò níwájú ara rẹ̀. Gbé rúlà sẹ́bàá eyín, kí o ka iye orí eyín tó wà nínú íǹṣì kan. Bó bá tó 8 sí 10, gígé ìbú ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ 4 sí 6, líla ni. Fún àpótí kékeré àti ohun ìṣeré ọmọdé, wá èyí tó ju 10 lọ, kí ẹnu igi má baà máa ya jákujàku. Bí agbára rẹ kò bá ká ju ẹyọ kan lọ, ra èyí tí a fi ń gé ìbú. Ó lè la igi bí ó tilẹ̀ lọ́ra, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ń la yóò ba ìbú jẹ́.

Wo eyín dáadáa, o óò rí i pé ọ̀kan yí sọ́tùn-ún díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e yí sósì. Ìyẹn ló ń mú kí ojú ọ̀nà tí ayùn là fẹ̀ ju ara ayùn lọ. Bí eyín bá ti nà tán, ayùn yóò há, ìwọ yóò sì máa rò pé igi ló le.

Tí o bá fẹ́ ra àlòkù, di ojú kan kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìdí dé orí: bó bá wọ́, fi í sílẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí o jọ̀wọ́ rẹ̀: irin gidi yóò padà sí títọ́. Ìpẹtà ojú kì í ṣe àléébù, kẹrosíìnì àti sánpépà yóò mú un kúrò. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti jẹ ihò sí ìdí eyín, má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Fáìlì onígun mẹ́ta ni a fi ń pọ́n ọn. Pọ́n eyín kan, fo èkejì, títí dé orí; lẹ́yìn náà yí ayùn padà kí o pọ́n àwọn tí o fò. Tì í síwájú ni, má fà á bọ̀, kí iye ìgbà tí fáìlì bá kan eyín kan sì bá ti èkejì mu. Àwọn ayùn tuntun kan wà tí orí eyín wọn ṣú. Wọ́n ti fi iná sé e le, fáìlì kò ràn án. Bí ìyẹn bá kú, ó kú náà nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ràn ayùn àtijọ́.

Atẹ́gùn òkun ò ní jẹ́ kí irin sinmi. Bí o bá ti lo ayùn tán, nù ún gbẹ, fi àdí àgbọn pa á lára, fi aṣọ tó ti mu àdí wé e, kí o gbé e kọ́ sínú ilé. Alaalẹ́ ni o óò ṣe é, kì í ṣe ìgbà tí o bá rántí.

7. Bí a ti ń gé e.

Fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà, má fi gègé nìkan. Ìlà ọ̀bẹ ń dá fọ́nrán, ẹnu igi kò sì ní ya. Fà á yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Sàmì sí apá tí o fẹ́ jù nù, apá yẹn ni ayùn yóò gbà kọjá. Bó bá gba orí ìlà gan-an, igi rẹ yóò kúrú.

Gbé pákó lé àpótí tó ga dé orúnkún, fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá kò gbọdọ̀ wà nínú ojú ìdìmú. Nà án síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn, ibi tó bá dojú kọ ni ayùn yóò máa lọ. Gbé àtàǹpàkò òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kí ó ga ju eyín lọ, kí ara ayùn máa fara kàn án. Ayùn tiwa, títì ló fi ń gé (àwọn ará Japan ní tiwọn, fífà ni), ṣùgbọ́n fífà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀: rọra fà á bọ̀ sẹ́yìn títí yóò fi dá ojú kékeré fún ara rẹ̀. Nígbà náà ni kí o mú àtàǹpàkò kúrò, kí o wá máa tì í. Gígé ìbú, dá ayùn ní ìdagun bí ìwọ̀n 45. Líla, gbé e nàró díẹ̀ sí i, bí 60. Lo gígùn ayùn tán, láti ìdí dé orí. Àwọn tó ń fi íǹṣì mẹ́rin àárín gé igi máa ń rẹ̀ wọ́n, eyín àárín nìkan ló sì ń kú.

Má tẹ̀ ẹ́. Mo ń wo àwọn ọmọkùnrin wa, wọ́n ń fi gbogbo ara gun ayùn, ọrùn wọn yóò le, ìlà yóò wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwúwo ayùn fúnra rẹ̀ tó láti gé e. Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kó lọ tààrà kó sì bọ̀ tààrà. Gbọ́ ohùn rẹ̀: bó bá ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dára, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ti wọ́ tàbí ó ti há. Bó bá há, má fipá fà á. Ki igi wẹ́wẹ́ bọ ojú ibi tí o ti gé kó lè là, kí o fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ ra ara ayùn. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó já, fi ọwọ́ òsì gbé apá tó fẹ́ já dání, kí o sì máa rìn ín fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwúwo rẹ̀ yóò fa igi ya mọ́ èyí tí o fẹ́ lò.

8. Ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe.

Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Rárá o. Bẹ̀rẹ̀ láti orí igi tí a fi ń wọn ojú àwọ̀n, ọmọ pákó pẹlẹbẹ tí apẹja ń yí òwú mọ́ kó tó ta kókó. Ó kéré, kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn, ṣùgbọ́n kò gba irọ́. Bí orí rẹ̀ kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ojú àwọ̀n kò ní dọ́gba, ẹja tó yẹ kó mú yóò gba ibẹ̀ lọ. Wá àjẹkù igi líle tí fọ́nrán rẹ̀ tọ́, là á, gé e, fi sánpépà pa etí rẹ̀ kó má baà máa já òwú. Gbé e lọ bá apẹja àgbà kan kó fi hun àwọ̀n. Bó bá dá a padà fún ọ, ṣe òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, orógùn. Ìyá tó ń ro púpurú mọ iyì orógùn tí kò kán. Igi tí o mọ ibi tó ti wá nìkan ni kí o lò fún un, tí kò ní kókó, tí kò rùn, tí fọ́nrán rẹ̀ lọ láti orí dé ìdí. Ìgbà tí o bá ti ṣe ìwọ̀nyí tí ọwọ́ rẹ sì ti balẹ̀, àpótí ìjókòó kan ọ́.

9. Ìyẹ̀ pákó.

Ìyẹ̀ ìrókò a máa yún ara, a máa mú ni sín. Fi aṣọ bo imú, ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kúrò lára rẹ. Má da ìyẹ̀ sómi. Ẹ̀yin ará Mákókó mọ ohun tí ìyẹ̀ Oko Baba ti sọ omi ọ̀sà ibẹ̀ dà.

10. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ akúùṣẹ́ ni.

El Anatsui, oníṣẹ́-ọnà tí wọ́n bí ní 1944 ní Anyako, ìlú kan létí ọ̀sà Keta ní orílẹ̀-èdè Gánà, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, ṣa igi tí omi dà sí etíkun Denmark ní 1996. Ó fi wọ́n ṣe iṣẹ́ kan tó pè ní Akua's Surviving Children, ní ìrántí àwọn ènìyàn tí ọkọ̀ àwọn ará Denmark kó lẹ́rú gba orí òkun kọjá. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ọmọ etí ọ̀sà ni, irú igi tó ń sùn lẹ́yìn ilé wa ló sì fi ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin káfíńtà Igbókọ̀dá àti Òkìtìpupa, ayùn àtijọ́ ń dípẹtà lórí àjà ọ̀pọ̀ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ pọ́n ọn, kí ẹ sì fi lé ọmọ kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ etí omi, ẹ fún àwọn ọmọ ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ yìí, kí ẹ pe àgbà tó mọ̀ ọ́n wá kọ́ wọn. Àwọn tó mọ ayùn pọ́n lọ́dọ̀ wa kò pọ̀ mọ́, a sì ti ń dàgbà.